Ọdún tí Màmá Ńlá Pe Ilé Oúnjẹ Etí Ọ̀sà Lẹ́jọ́

Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Ńlá ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí tó dé. Nǹkan funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀, tí kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Màmá Ńlá ni ìyá tó bí bàbá mi. Ilé rẹ̀ ní Pópó Àgùdà ni gbogbo wa ń gbé: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àtàwọn ayálégbé tó wà lókè. Ilé àtijọ́ ni, àwọn bíríkìlà tó ti òkè òkun padà wálé ló kọ́ ọ, àkàsọ̀ onígi rẹ̀ a sì máa ké bí èèyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e, débi pé kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọlé kí Màmá Ńlá má mọ̀. Agogo ìjọ Àgùdà ń dún lápá kan, ìpè ìrun ń dún lápá kejì, àwọn ọmọ ayálégbé ń jà sí omi ẹ̀rọ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló mú kí ilé wa jẹ́ ilé. Nígbà tó dákẹ́, ńṣe ló dà bíi pé àìsàn ń ṣe ilé náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ohun àkọ́kọ́ tó sọ bó ṣe wọlé ni pé, “Ta ló jẹ́ kí ògiri yìí dọ̀tí báyìí?” Ohun kejì ni pé kí n gbé epo ẹ̀rọ wá.

Iṣẹ́ àwọn lọ́yà kóòtù Ìgbóṣéré ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kó ẹ̀wù dúdú wọn wá, èyí tí apá rẹ̀ já, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti bó, wọ́n á jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa sọ ti ẹjọ́ tí wọ́n borí àti ti adájọ́ tó kanra mọ́ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi òòfà kó píìnì nílẹ̀ kó má baà gún àlejò lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, lọ́yà ò ju èèyàn tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń ya lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè wúlò fún àwa náà.

Ojú tuntun yẹn ò jẹ́ kí Màmá Ńlá sinmi. Ó fẹ́ rí gbogbo nǹkan. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, ó ní mo jọ àbúrò òun kan tó ti kú. Ó rí eruku lórí òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ó pe ìyá mi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọ̀sà. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun máa ń sáré láti Pópó Àgùdà títí dé etí omi, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ọgbà ti bo etí omi lọ rẹrẹ: ọgbà báńkì, ọgbà ọ́fíìsì, ọgbà oníṣòwò. Ibi tí èèyàn tún ti lè jókòó wo omi dáadáa kò ju ilé oúnjẹ kan lọ, tí àwọn òyìnbó kan kọ́ sórí òpó létí ọ̀sà. Ìyá mi ní òun á mú un lọ, kí àwọn ra nǹkan mímu díẹ̀, kí ó wo omi rẹ̀ tẹ́rùn.

Ọ̀sán Sátidé la lọ. Màmá Ńlá wọ kábà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó wé gèlè, ó fi iyùn sọ́rùn. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì kí i dáadáa, ó tẹrí ba fún un. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Èkìtì ni. Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò lè wọlé.”

“Ṣé wọn ò tíì ṣí ni?” ìyá mi béèrè.

“Wọ́n ti ṣí, mà.”

“Àbí àyè ti kún?”

Àyè ò kún. Láti ibi tí mo dúró sí, mò ń rí àwọn tábìlì tó ṣófo, atẹ́gùn ń fẹ́ etí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ lé wọn. Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Wọ́n ní òyìnbó nìkan ni ká máa jẹ́ kó wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, mà. Àfi bí ẹ bá bá òyìnbó wá.”

Màmá Ńlá ò bínú lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé etí òun ló ṣì gbọ́, ó ní kó tún un sọ. Bó ṣe ń tún un sọ lọ́wọ́, òyìnbó méjì tó wọ ṣòkòtò péńpé gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, géètì ṣí fún wọn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi.

“Kí n bá òyìnbó wá?” Màmá Ńlá wí. “Níbo ni wọ́n ti ń yá wọn?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí máníjà jáde, òyìnbó kan tí oòrùn ti pa ọrùn rẹ̀ pọ́n. Kò bá wa sọ̀rọ̀ rárá. Ọkùnrin ẹnu géètì ló bá sọ ọ́, ó ní kó kó wa kúrò níbẹ̀ kí àwọn oníbàárà òun lè ráyè kọjá. Ìyá mi ti fa ọwọ́ mi, ojú ń tì í, ó ń sọ pé ká máa lọ, ká máa lọ. Màmá Ńlá ò mira. Ó ní, “Èkó tó gba olè, tó gba ọ̀lẹ, òun lo ní kò gba èmi? Èmi tí wọ́n ri ibi mi mọ́ ilẹ̀ yìí?” Máníjà ti yí ẹ̀yìn padà. Màmá Ńlá bá kọjú sí ọkùnrin ẹnu géètì. “Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?” Ó ní Òjó lorúkọ òun. “Òjó, o ṣeun tó o kí mi.” Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a sì ń lọ.

Nígbà tí a délé, a sọ fún bàbá mi. Jósẹ́fù lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Ó sọ ohun tí àwa obìnrin ilé ò mọ̀: ilé-iṣẹ́ tó ni ilé oúnjẹ yẹn náà ló ni ilé ìkẹ́rù tí òun ń ṣọ́ ní Àpápá. Ọ̀gá kan náà ló ń sanwó fún òun. Nígbà tí Màmá Ńlá wá sọ pé òun á pè wọ́n lẹ́jọ́, ńṣe ni bàbá mi dìde.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.”

“Ṣé ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n tẹ́lẹ̀?”

“Iṣẹ́ mi ló wà lọ́wọ́ wọn.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Ojú mi ló fọ́ rí, kì í ṣe ọpọlọ mi.” Ó gbé ojú sókè. “Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ wà níbẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò. Bí mo bá dákẹ́, ohun tó máa kọ́ nìyẹn.”

Bàbá mi wọ yàrá lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ń gbé abọ́ tirẹ̀ lọ sí yàrá, kò bá ìyá rẹ̀ jẹun. Ẹ̀rọ ń dún nísàlẹ̀, àkàsọ̀ ń ké, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọrin nílé wa.

Lọ́yà tí Màmá Ńlá ránṣẹ́ pè kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jọ́ orí tó máa ń wá ṣe fáàrí lọ́dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà Bíntù ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ìwé òfin, tí Màmá Ńlá rán ẹ̀wù àkọ́kọ́ tó wọ̀ lọ sí kóòtù. Ó wá nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kí Màmá Ńlá, ó jókòó sórí àpótí, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìdá sí i. Ìyá mi ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. “Lọ́yà, bí a bá tiẹ̀ borí, kí ni kóòtù lè ṣe fún wa?”

“Ó lè ṣe púpọ̀, mà. Adájọ́ lè là á mọ́lẹ̀ lójú ayé pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin. Ó lè kà á léèwọ̀ fún wọn kí wọ́n má tún dán an wò mọ́, bí wọ́n bá sì dán an wò, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn. Ó sì lè ní kí wọ́n sanwó fún Màmá nítorí pé wọ́n dójú tì wọ́n.”

“Bí mo bá yọ ti owó yẹn kúrò ńkọ́?” Màmá Ńlá béèrè.

Lọ́yà Bíntù rẹ́rìn-ín. “Ẹ má yọ ọ́ kúrò o, mà. Ibẹ̀ ló máa ń dun irú wọn jù.” Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ò ní tan wá jẹ, wàhálà kan wà. Ibi tí ìwé òfin ńlá ilẹ̀ wa ti sọ pé a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ìran tó ti wá, ìjọba ló dojú kọ. Àwọn tí a fẹ́ pè lẹ́jọ́ á sọ pé ìjọba kọ́ làwọn, àwọn ló ni géètì àwọn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ níbòmíràn pé gbogbo èèyàn ló ní iyì tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wọ́lẹ̀. Òfin kan sì tún wà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ṣe, tí Nàìjíríà ti mú wálé sọ di tirẹ̀. Ibẹ̀ lòun máa gbà wọlé. “Ọ̀nà náà há, mà,” ló wí, “ṣùgbọ́n ọ̀nà ni.”

“Ọ̀nà tó há la fi ń dé ilé yìí,” Màmá Ńlá dá a lóhùn. “Máa lọ, mò ń tẹ̀ lé ọ.”

Lẹ́yìn tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé ìpẹ̀jọ́, ọ̀rọ̀ wa di ọ̀rọ̀ àdúgbò. Àwọn kan ń kí Màmá Ńlá kú akin. Àwọn mìíràn ń sọ pé kí ló ń wá nílé oúnjẹ òyìnbó, ṣé kò sí oúnjẹ nílé ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ létí rẹ̀, á ní, “Oúnjẹ wà nílé. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi jẹ́ pé kì í ṣe ebi ló gbé mi débẹ̀.” Lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà rán ẹnì kan sí wa, Yorùbá bíi tiwa, tó wọ súùtù òyìnbó aláwọ̀ eérú nínú ooru yẹn. Ó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní àṣìṣe ni, inú àwọn ọ̀gá ò dùn sí i. Ó wá yọ káàdì kan tó ń dán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Ńlá. Ó ní pẹ̀lú káàdì yìí, òun àti gbogbo ẹbí rẹ̀ lè máa wọlé nígbàkigbà, títí ayé, kí ó ṣáà ní kí lọ́yà fa ìwé ẹjọ́ yẹn ya.

Màmá Ńlá yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. “Obìnrin tó ń gbé lókè ilé mi, bí òun bá fẹ́ wọlé ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ tiyín la ń sọ, mà.”

“Àwọn tó ń kọjá lójú títì yìí ńkọ́?”

“Mà, ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.”

“Ìwọ alára ńkọ́? Ìwọ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ṣé o ti jókòó jẹun níbẹ̀ rí lọ́jọ́ Sátidé?”

Mo rí i tí òógùn ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin náà. Màmá Ńlá dá káàdì náà padà sí i lọ́wọ́, kò jù ú. “Mú un lọ, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún èmi nìkan, títì ló ṣì wà.” Bàbá mi wà níbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń jáde, ó dúró níwájú bàbá mi, ó ní, “Jósẹ́fù, o mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ò fẹ́ wàhálà.” Bàbá mi kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá mi délé lọ́sàn-án gangan, ní wákàtí tí a kì í rí i. Ó jókòó sórí àkàsọ̀, ó ní wọ́n ti lé òun. Ẹ̀rọ Màmá Ńlá dá dúró. Ìyá arúgbó náà dìde, ó rìn lọ bá a, ó jókòó tì í lórí àkàsọ̀, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. “Jósẹ́fù, bí o bá ní kí n fà sẹ́yìn, màá fà sẹ́yìn. Mi ò ní bínú sí ọ.” Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí. Èmi àti ìyá mi mọ̀ pé bí bàbá mi bá sọ ọ́, ẹjọ́ ti parí.

Bàbá mi di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. “Ẹ má fà sẹ́yìn, Màmá. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí, wọ́n ti gbà á. Kí ló tún kù?” Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé abọ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n jọ jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ Ẹtì Rere dé. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé Àgùdà máa ń se fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn sè títí tó fi ki, tí a fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọwọ́ mi bó níbi tí mo ti ń rin àgbọn. A kì í ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, ẹni tí a mọ̀, ẹni tí a ò mọ̀, ẹni tó bá yà ló máa jẹ. Àárín èrò yẹn ni mo ti rí Òjó, ọkùnrin ẹnu géètì, tó dúró lẹ́bàá ògiri bí ẹni pé kò dá a lójú pé ó lè wọlé. Mo sáré lọ sọ fún Màmá Ńlá. Ó ní kí n bu oúnjẹ fún un kí ó tó sọ ohunkóhun. Òjó jẹun tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Mà, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti kọ̀wé sí kóòtù pé ilé ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ń wọ̀ ni, pé káàdì ẹgbẹ́ ni ẹ ò ní. Irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ ọ́.”

“Wọ́n á lé ọ níṣẹ́.”

“Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lánàá, mà.”

Òjó sọ ẹ̀rí rẹ̀ fún Lọ́yà Bíntù, ó sì búra sí i. Ìwé ìbúra Òjó ta ko ìwé ìbúra ilé-iṣẹ́ náà, ni adájọ́ bá ní kí àwọn tó búra wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n gbà mí láyè láti tẹ̀ lé wọn lọ sí kóòtù Ìgbóṣéré nítorí ilé ìwé ti gba ìsinmi. Yàrá gíga kan ni, fáànù òkè rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ìráhùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn lọ́yà tó kún àga ẹ̀yìn, tí wọn ò sì ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀wù wọn, mo mọ ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà, bàbá kan tí ohùn rẹ̀ dùn, bi Òjó bóyá ẹnì kan ti fún un lówó.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” Òjó wí. Yàrá náà ru. “Ẹ̀yin lẹ fún mi. Oṣooṣù lẹ fún mi lówó kí n máa dá àwọn èèyàn mi padà, mo sì ń gbà á. Eléyìí tí mo ń sọ lónìí, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.”

Lọ́yà Bíntù dìde. “Lára àwọn òyìnbó tó gba géètì yẹn kọjá, àwọn wo lo béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn?”

“Kò sí, mà. Ẹnu lọ́yà wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé káàdì wà.”

Lọ́jọ́ ìdájọ́, òjò rọ̀ débi pé bàbá mi gbé Màmá Ńlá pọ̀n sọdá àgbàrá. Adájọ́ kà á lọ, ó kà á lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wúwo, mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó gbà pé apá òfin tó dojú kọ ìjọba ò kan ilé oúnjẹ náà, mo sì rí i tí Lọ́yà Bíntù di ojú. Lẹ́yìn náà ló ní ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ìlú láti wá rajà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àwọ̀ ara èèyàn ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Iyì ọmọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Gbogbo ohun tí Lọ́yà Bíntù béèrè ló fún wa: ìkéde, èèwọ̀, àforíjì nínú ìwé ìròyìn, àti owó. Àwọn lọ́yà ẹ̀yìn lu tábìlì. Màmá Ńlá ò rẹ́rìn-ín. Ó bi bàbá mi pé, “Ṣé ó ti tán?” Bàbá mi ní ó ti tán. “Ṣé gbogbo èèyàn ni?” Ó ní gbogbo èèyàn ni. Ìgbà náà ló tó sunkún. Yàrá yẹn ò sí mọ́ báyìí, iná ti jó o, ṣùgbọ́n mo ṣì lè tọ́ka sí ibi tó jókòó sí.

Owó náà pẹ́ kó tó jáde, bàbá mi sì ti ríṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Olówógbowó, tí owó oṣù rẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ kó ráhùn. Ní Sátidé kan, Màmá Ńlá ní ká múra. Bàbá mi, ìyá mi, Lọ́yà Bíntù, èmi, àti Òjó, ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wọ inú takisí nítorí ẹ̀rù ń bà á. Lẹ́nu géètì, ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí i fún wa, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Wọ́n fún wa ní tábìlì tó sún mọ́ omi jù. Àwọn òyìnbó wò wá, nígbà tó yá wọn ò wò wá mọ́. Ọ̀sà ń tàn yanranyanran, Màmá Ńlá sì wò ó tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ dé: ẹja tí wọ́n sè sínú omi funfun kan, pẹ̀lú ewé lórí.

Màmá Ńlá tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó pe ọmọkùnrin tó gbé e wá.

“Ọmọ mi, ta ló se èyí?”

“Ọ̀gá kúùkù wa ni, mà. Òyìnbó ni.”

“Lọ bá mi sọ fún un pé kò níyọ̀, kò láta, ẹja náà ò sì jinná.” Ó nu ẹnu rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo tábìlì tó wà nítòsí lè gbọ́. “Mi ò tún ní í jẹun níbí mọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ẹ̀yin.”